Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà Olúmọ, tí wọ́n ń mú wọn lọ ra “àdìrẹ elú”

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá wo àpáta Olúmọ l'Ábẹ́òkúta lópin ọ̀sẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ ra àdìrẹ lọ sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Àwọn gẹ́ńdé kan ń bẹ tó máa ń dúró níbi tí ọ̀kadà ti ń já èrò, kí ẹ tó dé géètì. Wọ́n á kí yín tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n á pè yín lọ́mọ Lísàbí, kódà bó ṣe Ìjẹ̀bú lẹ ti wá. Wọ́n á ní àwọn làwọn ń mú àlejò gun òkè. Irọ́ ni. Inú ọgbà làwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn wà, ẹ̀yìn tí ẹ bá já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ ó rí wọn. Ẹni tó bá gbowó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yín láìfún yín ní bébà kankan, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn.

Ìtàn ẹnu wọn ò kúkú burú. Òótọ́ ni pé abẹ́ àpáta yẹn làwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, òótọ́ ni pé Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn dé ibẹ̀ ní 1830. Òótọ́ yìí ni wọ́n fi ń ra ọkàn èèyàn, kí wọ́n tó wá sọ pé àǹtí àwọn ń pa aró ní ọjà Ìtòkú, pé elú gidi ni, aró tí wọ́n fi ewé ṣe, ti ayé àtijọ́.

Àbúrò ìyàwó mi ra yáàdì 5 lọ́dọ̀ “àǹtí” yìí ní ₦28,000. Mo tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì. Ẹyẹ kan wà lára rẹ̀ tí ìyẹ́ apá rẹ̀ gé díẹ̀. Ẹyẹ tó tẹ̀ lé e, ibì kan náà ni ìyẹ́ tirẹ̀ gé sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni títí aṣọ fi tán! Ọwọ́ ta ló lè ṣàṣìṣe kan náà nígbà ogójì? Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Mo yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú.

Ẹ̀yìn aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ojú kan ni wọ́n sábà máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ sí, ẹ̀kọ yìí kì í sì í jẹ́ kí aró mu ibẹ̀, nítorí náà aró máa ń mu ẹ̀yìn rẹ̀ ju ojú lọ. Alábẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ẹ ó rí ojú ihò abẹ́rẹ́ wínníwínní níbi tí wọ́n ti tú òwú. Ẹ má tìtorí pé aró aṣọ ń ràn mọ́ yín lọ́wọ́ gbà pé elú ni o. Ayédèrú náà ń ṣí.

Kí n má parọ́ mọ́ àwọn aláró: púpọ̀ nínú àdìrẹ Ìtòkú lónìí, aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì ni wọ́n fi ń ṣe é, àbẹ́là ni wọ́n sì fi ń ya àrà sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ ṣì ni, kò sí jìbìtì níbẹ̀. Kódà ẹni tó ń ta èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, tó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò ṣẹ̀ mí. Lọ́jà kan náà, mo rí irú aṣọ yẹn ní ìdajì owó tí wọ́n gbà.

A dá a padà fún wọn, wọ́n ní ọjà tí àwọn bá ti tà, ó tà nìyẹn. Fóònù ọmọkùnrin tó mú àbúrò ìyàwó mi lọ síbẹ̀ ò sì lọ mọ́.

Inú lọ́hùn-ún ni ṣọ́ọ̀bù wọn máa ń wà. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ti ń fà yín kọjá níwájú àwọn ìyá tó tẹ́ àdìrẹ síta, tó ní kí ẹ má dá wọn lóhùn, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá yẹn gan-an ni kí ẹ dúró sí. Ẹ ní kí wọ́n tú aṣọ náà tán, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.