Kíláàsì Mẹ́talọ́kan kan ní Lágere: ó dára, àyàfi ìwé kẹrin

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni kíláàsì yìí ń wáyé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ń tú ẹ̀kọ́ náà palẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, owó fọ́tókọ́pì nìkan lẹ ó san.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló dùn jù. Mátíù 28:19 ni wọ́n gbé kalẹ̀: "ní orúkọ Baba, àti ní ti Ọmọ, àti ní ti Ẹ̀mí Mímọ́." Orúkọ kan, orúkọ mẹ́wàá, "orúkọ" náà ni Yorùbá ń pè é, nítorí náà òǹkàwé lè má fura pé ẹyọ kan ṣoṣo ni Gíríìkì kọ síbẹ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ọ̀kan" inú Jòhánù 10:30, níbi tí Jésù ti ní ọ̀kan ni òun àti Baba. Olùkọ́ kọ hen àti heis, ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì fún "ọ̀kan", sójú pátákó: hen tí Jésù lò, ohun kan là ń fi í pè, kì í ṣe ẹnì kan. Ẹni tó bá ní Baba ló para dà di Ọmọ, ibẹ̀ ló ti máa dákẹ́.

Wọ́n tún ka àpèjúwe omi, yìnyín àti ooru omi léèwọ̀, ó sì tọ́. Omi kan náà kì í jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n nínú Máàkù 1:10-11 Ọmọ ń jáde látinú odò, Ẹ̀mí ń bọ̀ bí àdàbà, ohùn ń ti ọ̀run wá. "Ẹni mẹ́ta" náà léwu: kí ẹ tó wí tán, àga mẹ́ta ni olùgbọ́ ti ń tò kalẹ̀ lọ́kàn, bí ẹni pé Ọlọ́run mẹ́ta ló wà.

Ìpàdé àwọn olórí ìjọ ní Níkéà lọ́dún 325 àti ní Kọnsitantinópù lọ́dún 381, níbi tí wọ́n ti fìdí ẹ̀kọ́ yìí múlẹ̀, wọ́n sáré kọjá ni.

Ìwé kẹrin nínú àwọn fọ́tókọ́pì náà ló bà á jẹ́. 1 Jòhánù 5:7, "Baba, Ọ̀rọ̀, àti Ẹ̀mí Mímọ́" lọ́run, ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí àkọ́kọ́. Gbólóhùn yẹn kò sí nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì àtijọ́. Erasmus, ọ̀mọ̀wé tó tẹ Májẹ̀mú Tuntun ní Gíríìkì, kò fi sí ìtẹ̀jáde 1516 àti 1519, ọdún 1522 ló tó wọlé. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà tó ń kanlẹ̀kùn ní àárọ̀ Sátidé, tí wọn kò gba Mẹ́talọ́kan, mọ èyí dunjú. 2 Kọ́ríńtì 13:14 àti Ìṣe 5:3-4 ló yẹ kó rọ́pò rẹ̀.

Jòhánù 14:28, "Baba mi tóbi jù mí lọ", kò rí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ òun ni gbogbo ènìyàn ń bèèrè. Ẹ gbé e síwájú olùkọ́ láti ọ̀sẹ̀ kìíní.