Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún olùtajà tó bá ní ojú dráífà gọ́ọ̀fù tuntun "kò tíì là"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra igi gọ́ọ̀fù lọ́wọ́ àwọn olùtajà orí WhatsApp àti Instagram, ní Èkó ni o, ní London ni o, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Bí oníbàárà bá ti ń ráhùn pé dráífà (igi gọ́ọ̀fù tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù) tí òun rà kò gbé bọ́ọ̀lù jìnnà, èsì tó ń gbà ni pé kó ní sùúrù: ojú rẹ̀, ibi tó ń kan bọ́ọ̀lù, kò tíì là, kó gbá bọ́ọ̀lù bíi 500 ná, yóò yọ́ wọ ọwọ́ rẹ̀. Irọ́ ni. Dráífà tó bá máa ṣiṣẹ́, láti orí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó mú kí irọ́ yìí wọlé ni pé ó jọ òótọ́. Awọ ìlù tuntun ń fẹ́ oòrùn àti lílù kí ohùn rẹ̀ tó jáde. Bàtà aláwọ a máa ta ẹsẹ̀ kó tó rọ̀. Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tuntun, wọn kì í fi sáré ní ìbẹ̀rẹ̀, torí irin méjì ló ń ha ara wọn nínú rẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ara wọn. Ojú dráífà kò sí nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Páànù titanium tín-ín-rín ni, mìlímítà díẹ̀ péré. Bọ́ọ̀lù kì í lò ju nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lára rẹ̀. Ojú náà á tẹ̀ wọnú, á sì ta padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Kò sí ohun tó ń ha ara wọn níbẹ̀, kò sì sí awọ tó ń fà. Ọ̀pá carbon tí wọ́n so mọ́ ọn náà kì í rọ̀.

Àwọn kan á tún fi igi softball, eré Amẹ́ríkà tó jọ baseball, ṣe àpẹẹrẹ. Òótọ́ ni pé igi softball tí wọ́n fi carbon ṣe a máa ń fẹ́ kí wọ́n gbá a lọ́pọ̀ ìgbà kó tó ta dáadáa. Ṣùgbọ́n dráífà olójú carbon pàápàá, irú TaylorMade Stealth tó jáde ní 2022, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é dé bèbè ohun tí òfin gbà. Kò sí àyè tó kù tó máa là sí.

Ẹ wá ṣírò 500 yẹn. Pápá oníhò 18 sábà máa ń ní par 3 mẹ́rin (ihò tó sún mọ́, tí a retí kí a fi ìgbá mẹ́ta parí), a kì í sì í mú dráífà jáde níbẹ̀. Ó ku 14. Ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní Sátidé nìkan yóò lò tó Sátidé 36 kó tó pé 500. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ! Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ra ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tí ọjà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí ọjà bá ní àléébù, òfin Consumer Rights Act ti 2015 fún un ní ọjọ́ 30 láti dá a padà kó sì gba owó rẹ̀ pé. Ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni a ń fẹjọ́ irú èyí sùn. Àmọ́ ta ni yóò gbà pé àléébù ti wà lára dráífà látilẹ̀, nígbà tí àpá bọ́ọ̀lù oṣù mẹ́jọ ti kún ojú rẹ̀? Ọjọ́ ni olùtajà ń fi ọ̀rọ̀ sùúrù yẹn jẹ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ọ̀nà kejì burú ju èyí lọ: wọ́n á ta dráífà tí "ojú rẹ̀ ti là" fún yín ní owó gegere, pẹ̀lú sítíkà kékeré tó kọ CT 255 tàbí 256. CT ni ìwọ̀n bí ojú dráífà ṣe ń ta tó. USGA àti R&A (àwọn àjọ tó ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù) fi 239 ṣe òdiwọ̀n, wọ́n fi àyè 18 lé e, ó di 257. Ẹ̀rọ kan tó ń fi irin gbá ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Sítíkà, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ wo àwọn ọ̀gá agbágọ́ọ̀fù bíi Xander Schauffele, tí dráífà rẹ̀ kùnà ìdánwò CT níbi ìdíje The Open ní Royal Portrush ní 2019, tàbí Rory McIlroy àti Scottie Scheffler níbi ìdíje PGA Championship ní 2025. Òótọ́ ni pé CT a máa gòkè bí ojú bá ń rẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún bọ́ọ̀lù tí àwọn alágbára bẹ́ẹ̀ ń gbá. Àárẹ̀ irin nìyẹn o. Ojú tí CT rẹ̀ ń gòkè bẹ́ẹ̀ ń sún mọ́ ìgbà tí yóò sán. Scheffler sì rèé, dráífà mìíràn ló mú dání lẹ́yìn tí tirẹ̀ kùnà, ó sì fi ìgbá márùn-ún borí.

Èyí tí "ojú rẹ̀ ti là" lórí káńtà, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fá a ni: wọ́n fi ẹ̀rọ dín ojú rẹ̀ kù kó lè máa ta sí i. Ẹ fi èékánná tọ àwọn ìlà ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lórí igi tí wọ́n pè ní tuntun, ẹ sá. Ẹ wo bóyá wọ́n tún orí rẹ̀ kùn. Igi tí wọ́n bá ti fá, òfin kò gbà á, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò sì ní tún un ṣe.

Kí ẹ tó gbá bọ́ọ̀lù kankan, ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sí ojú rẹ̀ (ojú nìkan, torí irin tó wà nísàlẹ̀ lè fà á). Mágínẹ́ẹ̀tì kì í lẹ̀ mọ́ titanium. Bó bá lẹ̀, irin lásán ni wọ́n tà fún yín. Ẹ mi orí rẹ̀ sétí: bí nǹkan bá ń ró wókowóko, gọ́ọ̀mù inú ti já tàbí skúrù kò fún. Sípánà kékeré tó bá a wá, wọ́n sábà máa ń ṣètò agbára yíyí rẹ̀ sí 40 inch-pound. Ẹ máa yí i títí yóò fi ta kàù, kẹ́ ẹ dúró. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to ọrùn rẹ̀ náà, torí igi dígírí 10.5 (bí ojú rẹ̀ ṣe dagun sẹ́yìn tó) tí wọ́n tò sí ibòmíràn yóò máa darí bọ́ọ̀lù sí apá kan, kò sì sí sùúrù tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ wá orúkọ orí náà àti ìwọ̀n rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ dráífà tí R&A àti USGA fọwọ́ sí, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ó bá dà bíi pé dráífà yín "là" lóòótọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ wò ó dáadáa. Ibi ìdìmú tuntun a máa yọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwọ́-àwo ló ń fọ yíyọ̀ náà kúrò, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ọwọ́ yín ti mọ gígùn rẹ̀. Ẹni tó sì rà á ní oṣù Keje tí koríko tutù, tó wá ń gbá a nínú ọyẹ́ oṣù Kìíní, ilẹ̀ tó le ló ń bá a sáré.

Bí olùtajà bá tún ní kẹ́ ẹ ṣe sùúrù, ẹ má bá a sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́ sí i: "Ọjọ́ báyìí ni dráífà yìí dé ọwọ́ mi. Àléébù báyìí ló ní. Mo fẹ́ dá a padà, mo sì fẹ́ owó mi." Ẹ fi fọ́tò ojú rẹ̀, ti ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ara rẹ̀, àti ti rìsíìtì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà gan-an.