Barling Bomber: bàálù ńlá tí òkè dá padà

Títóbi Barling Bomber, bàálù ológun tó ń ju àdó olóró, ni gbogbo èèyàn ń sọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ yìn. Walter Barling tó ya àwòrán rẹ̀ ló ya ti Tarrant Tabor, bàálù ńlá mìíràn, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tabor gbé ẹ́ńjìnnì méjì sókè fíofío; nígbà tí wọ́n fún wọn níná ní May 1919, agbára ẹ́ńjìnnì náà ti imú bàálù náà wọlẹ̀, awakọ̀ méjèèjì sì kú. Ìdí nìyí tí Barling Bomber fi ní táyà 10: mẹ́jọ lábẹ́ ikùn, méjì níwájú tí kò ní jẹ́ kó dojú délẹ̀. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ Witteman-Lewis ní New Jersey ló kàn án fún ológun Amẹ́ríkà. Ó kọ́kọ́ fò ní August 22, 1923, ní Ohio. Ìyẹ́ mẹ́ta ló wà lórí ara wọn, ó fẹ̀ tó mítà 36.6, ẹ́ńjìnnì Liberty mẹ́fà ló sì ní: mẹ́rin ń fà á níwájú, méjì ń tì í lẹ́yìn.

Ibi tó ti kùnà rèé. Igi àti wáyà tó so ìyẹ́ mẹ́ta pọ̀ pọ̀ jù, gbogbo wọn ló ń jìjàkadì pẹ̀lú atẹ́gùn. Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan kò ju bí agbára ẹṣin 400 lọ, bàálù náà sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 19 bó bá kún. Eré tó le jù tó lè sá ni kìlómítà 154 ní wákàtí kan. Ẹ ti rí ọkọ̀ akẹ́rù tó ru iṣu kọjá agbára rẹ̀, tó ń mí gúlegúle lórí òkè. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi wọ̀n ọ́n. Bó bá ru àdó olóró rẹ̀ pé, kìlómítà 274 péré ni epo rẹ̀ ń gbé e dé. Tó bá gbéra ní Kabba, yóò dé Lokoja, yóò sì padà. Kò ní lè lọ-bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì tán. Ìrìn Dayton sí Washington ló tú àṣírí rẹ̀ pátá: kò lè gòkè kọjá àwọn òkè Appalachian, ó sì ṣẹ́rí padà.

Owó rẹ̀ di dọ́là 525,000, ilé tí wọ́n kọ́ fún un tún gbé dọ́là 700,000 mì. Ní 1929, wọ́n dáná sun ún.

Fún ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìgboyà àwọn tó kàn án, 4 nínú 5. Fún iṣẹ́ ogun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á, 1.