Mọ́fíìnì inú abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn: ìrora lọ, ara yíyún dé

Lóru ọjọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbé ọmọ mi, imú ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Kí n tó mọ̀, ó ti dé iwájú orí, ọrùn àti àyà, bí ìgbà tí èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Mo ń họra, ọmọ tuntun ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo pe nọ́ọ̀sì alẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ara ń yún mi."

"Kí lẹ jẹ?"

Èmi tó jẹ́ pé omi nìkan ló tíì kan ẹnu mi! Ó tan iná, ó wo ara mi síwá sẹ́yìn, kò rí nǹkan kan tó sú jáde. Ó ní bóyá ọṣẹ ni. Ó fún mi ní oògùn àléjì, oorun lásán nìyẹn fà wá, ọwọ́ mi ò kúrò nímú. Nígbà tí mo tún pè é, ó ní, "Ìyá ìkókó, ẹ fara dà á. Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ pé kì í ṣe ìrora."

Kí n má parọ́, ó sọ òótọ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbé àkọ́bí mi, bupivacaine, oògùn tó ń mú ara kú tipiri, nìkan ni wọ́n gún sí mi lẹ́yìn. Bí agbára rẹ̀ ṣe tán láàárín wákàtí mélòó kan, ikọ́ wíwú di ogun. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà tó ń fúnni lábẹ́rẹ́ náà fi oògùn apàrora méjì, fentanyl àti mọ́fíìnì, kún un. Fentanyl tètè ń ṣiṣẹ́, ó sì tètè ń lọ. Mọ́fíìnì ò yára, àmọ́ ó lè gbéni dé ọjọ́ kejì. Bó sì ṣe kéré tó ló yà mí lẹ́nu: máíkírógíráàmù 100, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá mílígíráàmù, nígbà tí èyí tí wọ́n ń gún sí ìdí lè tó mílígíráàmù 10. Mo sín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ti di ikùn mú, mò ń retí kí ojú ọgbẹ́ jó mi. Kò jó!

Wọ́n tún ń wá tan tọ́ọ̀ṣì lé mi lórí ní wákàtí wákàtí, wọ́n ń ka èémí mi. Ìyẹn ni mo fi jì wọ́n, torí mọ́fíìnì lè mú kí èémí lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ilẹ̀ mọ́, dókítà abẹ́rẹ́ dé. Kò tíì kí mi tán tó fi rí ọwọ́ mi nímú, ló bá rẹ́rìn-ín. "Mọ́fíìnì ni." Ó ní kì í ṣe àléjì rárá, iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni oògùn náà ń bá wí, ìdí nìyẹn tí oògùn àléjì ò fi ràn án, àti pé ó wọ́pọ̀ gan-an lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó fi naloxone, oògùn tó ń pa agbára mọ́fíìnì, díẹ̀ sínú omi tí wọ́n ń fà sí mi lára, díẹ̀ báyìí, kí ó má baà jí ìrora. Ara yíyún rọlẹ̀, ìrora ò padà.

Inú wá bí mi gidi. Oògùn yẹn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọ́ọ̀dù ní gbogbo òru! Ìwé tí mo fọwọ́ sí kọ orí fífọ́, ó kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó lè já wálẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa ara yíyún.

Èébì ò gbé mi. Ìtọ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó wá lẹ́yìn tí wọ́n yọ rọ́bà ìtọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fo parasitamọ́ọ̀lù yín torí pé ẹ gba mọ́fíìnì.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Bí wọ́n bá tún máa ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, mọ́fíìnì náà ni n ó bèèrè, kí wọ́n ṣáà gbé naloxone sí tòsí.