Org Babel: kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú àkọsílẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti ń fi Org Babel, irinṣẹ́ tó wà nínú Emacs (ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà), ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ mi, n kì í gbé kóòdù lọ síbòmíràn dán wò mọ́. Bí mo bá kọ kóòdù èdè Python sáàárín #+begin_src python àti #+end_src, tí mo sì tẹ C-c C-c (Ctrl pẹ̀lú c, lẹ́ẹ̀mejì), Emacs yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá kí òun ṣe é, kí èsì tó jáde lábẹ́ #+RESULTS:. Ìbéèrè yẹn wúlò gan-an, nítorí kóòdù àjèjì lè pa fáìlì ẹni rẹ́. Èdè Emacs Lisp nìkan ló ti wà ní sẹpẹ́. Àwọn yòókù, àfi kí a fi wọ́n sínú org-babel-load-languages (àtòkọ àwọn èdè tí Babel lè lò), èyí tó lè sú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni :session, àṣàyàn kan tí à ń kọ sí ìlà #+begin_src, tó ń jẹ́ kí kóòdù ìsàlẹ̀ rántí iṣẹ́ tòkè.