Ìyẹ̀fun Iyán Inú Ọ̀rá: Ṣé Ohun Tó Wà Lára Rẹ̀ Náà Ló Wà Nínú Rẹ̀?

Ní Èkìtì, ẹnu lásán kọ́ la fi ń pe nǹkan ní iyán. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé ìyẹ̀fun iyán, ìyẹn poundo, lé òṣùwọ̀n kan tí àwọn ará Ìlú Ọba fi ń wọn ọjà: "It does exactly what it says on the tin." Ohun tí wọ́n kọ sára agolo gan-an ló ń ṣe, kò lé, kò dín. Ìpolówó ọ̀dà igi Ronseal lórí tẹlifíṣọ̀n ló bí ọ̀rọ̀ yìí ní 1994. Ọkùnrin kan gbé agolo dání, ó sọ ohun tí ọ̀dà náà wà fún, ó parí. Àìsọ àsọdùn yẹn ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín, òun náà ló sì jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Ní 2013, David Cameron, olórí ìjọba wọn nígbà náà, fi ṣàpèjúwe ìjọba àjùmọ̀ṣe òun àti Nick Clegg, igbákejì rẹ̀ tó wá láti ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn.

Ọ̀rá ìyẹ̀fun sọ nǹkan méjì: pé ó yá sè, àti pé iyán ni. Ti yíyá, òótọ́ ni. Ẹ gbé ife omi méjì kaná. Tó bá hó, ẹ bu ìdajì ife sọ́tọ̀, ẹ rọ iná sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa wọ́n ife ìyẹ̀fun kan sí i díẹ̀díẹ̀, kí orógùn má dúró. Ẹ ta lára omi tẹ́ ẹ bù sọ́tọ̀ lé e, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kẹ́ ẹ tún un rò dáadáa. Dída ìyẹ̀fun sómi híhó lẹ́ẹ̀kan náà ló ń fa kókó: ẹ̀yìn rẹ̀ á jinná, á dí, omi ò ní ráyè wọlé mọ́. Ẹ fi orógùn tẹ kókó kan fọ́, ẹ ó rí ìyẹ̀fun gbígbẹ láàárín rẹ̀.

Ó wá ku ti iyán. Ẹ yí ọ̀rá náà padà: èròjà tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ. Bó bá jẹ́ iṣu nìkan, òórùn iṣu á máa bá èéfín rẹ̀ jáde, kò sì ní funfun jù. Bí pòtétò tàbí sitáàṣì ẹ̀gẹ́ bá ṣíwájú, á funfun báláú, á máa yọ̀ lọ́wọ́, tàbí kó máa fà bíi rọ́bà. Oúnjẹ ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ síwájú ọ̀rá, kò sì yẹ ká gbé e fún àlejò ní Adó tàbí Ìkéré ká pè é ní iyán. Oníṣu nìkan ni kẹ́ ẹ rà. Bẹ́ ẹ ò bá rí i, iṣu wà ní Ọjà Ọba.