Rekognition, Vision àbí Content Safety: èwo ni kí ẹ rà fún àwòrán tó ń lọ sórí IPFS?

Bí àwòrán burúkú bá wọ inú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ tiyín, ẹ ó pa á rẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Lórí IPFS, níbi tí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ èèyàn ti jọ ń tọ́jú fáìlì tí wọ́n sì ń pín in, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yọ pin yín (àṣẹ tó ní kí kọ̀ǹpútà yín máa tọ́jú fáìlì náà) kúrò, ẹ̀yin nìkan ni ẹ jáwọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba fáìlì náà sílẹ̀ ṣì lè máa pín in kiri. Ti Arweave, ibi ìtọ́jú fáìlì mìíràn, tún le jùyẹn lọ, torí wọ́n dìídì ṣe é kí ohun tó bá wọ ibẹ̀ má kúrò mọ́ ni. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àkókò tí ẹ yẹ àwòrán wò ṣe pàtàkì ju ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dá a dúró sí ìta ná, kí iṣẹ́ kíláòdù (ètò ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń yẹ àwòrán wò fún yín lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì) wò ó, kó tó dé orí IPFS rárá. Ẹni tó bá fẹ́ ta ohun tó ń ṣàyẹ̀wò lẹ́yìn tí àwòrán ti wọlé fún yín, ààbọ̀ ọjà ló ń tà.

Iṣẹ́ kíláòdù mẹ́ta tí àwọn èèyàn sábà máa ń gbé yẹ̀ wò nìyí:

| | Rekognition (Amazon) | Vision SafeSearch (Google) | Content Safety (Microsoft) |
|---|---|---|---|
| Èsì | àmì oríṣiríṣi, pẹ̀lú ìdánilójú láti 0 dé 100 | ẹ̀ka 5, láti VERY_UNLIKELY dé VERY_LIKELY | ẹ̀ka 4, ìpele 0, 2, 4 tàbí 6 |
| Àmì ìkórìíra | ó ń wá a | kò ní ẹ̀ka rẹ̀ | ó ń wá a |
| Irú fáìlì | JPEG àti PNG | púpọ̀ | púpọ̀, títí kan GIF àti WebP |
| Bó ṣe tóbi tó | 5 MB. 15 MB láti inú S3 (ibi ìtọ́jú fáìlì Amazon) | 20 MB | 4 MB |

Rekognition ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ fúnra rẹ̀ ṣòfin. Àwọn àmì rẹ̀ wà ní ìpele-ìpele, nítorí náà ẹ lè gba aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ láyè kí ẹ sì kọ ìhòòhò. Bí ẹ kò bá sọ iye ìdánilójú tí ẹ fẹ́, 50 ló máa lò, kò sì ní fi ohun tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ hàn yín. Ibi tó ti ń dùn mí ni ọ̀rọ̀ JPEG àti PNG yẹn. WebP àti GIF pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kó sórí IPFS, ẹ ó kọ́kọ́ yí wọn padà. GIF, tí àwòrán púpọ̀ máa ń wà nínú rẹ̀, tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀: ẹnìkan lè fi òdòdó ṣe àwòrán àkọ́kọ́, kó sì tọ́jú ìkà sí ìkeje. Ẹ mú bíi mélòó kan nínú rẹ̀ yẹ̀ wò, ẹ sì rántí pé ẹ ó sanwó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Vision rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀. Ó gba ojúlé (URL) àwòrán tó wà ní gbangba, èyí sì ń dán èèyàn wò láti kàn fi ojúlé gateway (ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wo fáìlì IPFS lórí wẹ́ẹ̀bù) ránṣẹ́. Ẹ má ṣe é. Google fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun á rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ gbà, gateway ìgboro sì máa ń falẹ̀. Fáìlì gan-an ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Content Safety ni èmi á mú bí àwọn èèyàn bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ètò yín, torí pé yàtọ̀ sí ìhòòhò, ìwà ipá àti ìkórìíra, ó tún ń wá àwòrán pípa ara ẹni lára.

Ní ti owó, àwòrán 1,000 àkọ́kọ́ lóṣù jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ Vision, lẹ́yìn náà dọ́là 1.50 ni fún 1,000. Rekognition ń gba nǹkan bíi dọ́là 1 fún 1,000 títí dé mílíọ̀nù kan. Fún 100,000 àwòrán lóṣù, ẹ ń wo dọ́là 148.50 lọ́dọ̀ Vision àti 100 lọ́dọ̀ Rekognition. Àmọ́ CID, ìyẹn orúkọ tí IPFS ń ṣírò látinú ohun tó wà nínú fáìlì, tí ẹ̀yin náà sì lè ṣírò kí ẹ tó gbé e síbẹ̀, lè dín in kù. CID kan náà, fáìlì kan náà ni. Ẹ kọ èsì àyẹ̀wò sẹ́gbẹ̀ẹ́ CID, ẹ kò sì ní sanwó ẹ̀ẹ̀mejì lórí rẹ̀ láé.

Ẹ má kàn yí i sódì o. Bí ẹnìkan bá yí ẹyọ pixel kan péré padà nínú àwòrán tí ẹ ti kọ̀, CID mìíràn ló máa jáde, àkójọ CID tí ẹ dí kò sì ní dá a mọ̀. Hash (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ṣírò látinú àwòrán) tó ń wo ìrísí àwòrán ló lè mú un. PDQ tí Facebook tú síta fún gbogbo ayé lọ́dún 2019 wà lára wọn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Àwòrán ìbálòpọ̀ àwọn ọmọdé yàtọ̀ pátápátá. Amazon kọ ọ́ gbangba pé àyẹ̀wò Rekognition kì í sọ bóyá àwòrán kan lòdì sófin. PhotoDNA, tí Microsoft ṣe pẹ̀lú Dartmouth College lọ́dún 2009, ń fi àwòrán wé àwọn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè fún un lọ́tọ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé inú fóònù oníbàárà ni ètò yín ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ti àwòrán pa (encryption) kó tó jáde, ẹ má tíì ra ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí èyí tó máa rí nǹkan kan níbẹ̀.